Ẹni Tó Ń Tún Àlejò Tò

Nọ́ọ̀sì kan kó dé ilé tuntun, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ títí ó fi pe àwọn ènìyàn wá bá a yọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà wá. Ṣùgbọ́n bí omi òun epo ni wọ́n ṣe jókòó: àwọn ará ọsibítù lẹ́bàá fèrèsé, àwọn ará ilé lẹ́nu ọ̀nà.

Kò lè gbé ibì kan. Á gbé ife, á tún gbé e kalẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ra." Wọ́n sún díẹ̀, wọ́n dákẹ́. Ló bá fa apòògùn kan dìde pẹ̀lú ẹran lẹ́nu, ó gbé e lọ sáàárín àwọn ará ilé.

Ìyá nọ́ọ̀sì pè é. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìgò lo rò pé ò ń tò ni? Jókòó."

"Màámi, ẹ ò rí i pé wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀?"

"Ṣé ọwọ́ ẹ lẹnu wọn wà ni?"

Kò gbọ́. Ó di ọwọ́ télọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé mú, ó mú un jókòó ti ọ̀gá tirẹ̀ ní ọsibítù. "Ẹ̀yin méjèèjì á gbádùn ara yín."

Ọ̀gá wo télọ̀ tòkè-tilẹ̀. "A ti mọra tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gé aṣọ mi kúrú bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi."

"Aṣọ ò kúrú, mà. Ẹ̀yin lẹ sanra kí ẹ tó wá gbà á."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ sáré là wọ́n, ìyá rẹ̀ di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ẹ̀rín ti bú jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó bíríkìlà kan tó ń gbé inú ilé náà rékọjá wá sí ẹ̀bá fèrèsé, ó ní télọ̀ yìí náà ló ba tòun jẹ́. Apòògùn ní rárá o, ọ̀gá ti sanra lóòótọ́. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, àga ti dàrú, kò sẹ́ni tó rántí ibi tó jókòó sí.

Ọ̀gá fa báàgì rẹ̀ yọ, ó jáde. Nọ́ọ̀sì sáré bá a lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ má bínú, mà."

"Ta ló ní kí o gbé e wá bá mi? Mo ti ń gbádùn ara mi jẹ́jẹ́ tèmi."

Nígbà tó padà wọlé, ariwo ọ̀rọ̀ gba gbogbo yàrá, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó mọ̀ pé ó jáde. Ìyá rẹ̀ sún fún un.

"Màámi, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ọ̀gá lọ́la?"

"Ojú tí o ní náà ni. Jẹun."

Ó bu oúnjẹ sẹ́nu. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó rí àwọn méjì kan tí wọ́n dúró láìsọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sún àga rẹ̀ sẹ́yìn láti dìde.

"Má dán an wò," ni ìyá rẹ̀ wí.