Ọjọ́ Orí Bàbá Uswat

Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Oregun ṣèlérí pé bí Bàbá Tìjání bá fẹ̀yìn tì, Uswat ọmọ wọn ni yóò bọ́ sípò wọn. Irun Bàbá ti funfun báláú. Uswat, tó ti jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́, lọ bá ọ̀gá.

"Ó ku ọdún méjìlá," ni ọ̀gá wí. "Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta péré ni bàbá ẹ."

Uswat jáde níbẹ̀. Ó bá Bàbá lẹ́nu géètì.

"Bàbá mi, Bọ̀dá Wàsíù ti pé ogójì ọdún. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni yín tẹ́ ẹ fi bí i?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Wọn ò gba àgbà nígbà tí mo wáṣẹ́ wá."

Bàbá fa fìlà bo irun wọn, wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ. Uswat dúró lójú kan, ó ń ro iye ọdún tí òun náà yóò dín kù nínú ọjọ́ orí tirẹ̀.