Ẹni Tí Kò Tíì Dé

Poongodi so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń fò bí ọmọ ewúrẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àjọ̀dún tẹ́ńpìlì ní Kumbakonam, ijó obìnrin tó ń retí olólùfẹ́ ni yóò sì jó, bí Àǹtí Sivakami, olùkọ́ rẹ̀, bá fọwọ́ sí i lẹ́yìn ìdánrawò yìí. Ilango, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti wọ bọ́ọ̀sì ní Madurai láti wá wò ó.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ò dé. Bí Ilango bá sì ti pẹ́ báyìí, Poongodi a gbà pé ó ti gbàgbé òun nìyẹn. Olùkọ́ fi igi lu pátákó pé kó bẹ̀rẹ̀. Poongodi yọjú bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà nínú ijó náà, ó sì fajú ro.

Igi dákẹ́.

“Ta ló ṣẹ̀ ọ́?”

“Kò sẹ́nì kankan, mà.”

“Ojú obìnrin tí ọkọ ẹ̀ sùn síta lo gbé yẹn. Oríṣi mẹ́jọ ni obìnrin olólùfẹ́ inú ijó wa; ẹni tó ń retí ni tìẹ, o wá lọ wọ aṣọ ẹlòmíì. Ẹni tí kò tíì dé, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ti ṣẹ̀?”

Poongodi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ jáde. Olùkọ́ rán an létí pé orúkọ kan náà ni ọbẹ̀ àjàgbọn tí wọ́n ń bù sórí ìrẹsì ń jẹ́ pẹ̀lú adùn tí òǹwòran ń tọ́ wò nínú ijó: rasam.

“Bó o bá sunkún sínú ìkòkò, iyọ̀ làlejò máa jẹ. Lọ fi ẹkún ẹ síta, níbi tó o bọ́ bàtà sí.”

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Nínú ijó náà, ó fi òdòdó sí irun, ó tẹ́ ẹní, ó tan fìtílà, gbogbo rẹ̀ nítorí ẹnìkan. Àṣé ìrètí pàápàá ń dùn! Ayọ̀ ru gùdù láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó kún ún dé ìka ọwọ́. Ó rí i pé òun lè fẹ́ràn Ilango láìdì í lọ́rùn aṣọ mú. Igi ń yára, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yára, títí olùkọ́ fi ju igi sílẹ̀ tó ní kó lọ múra.

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Ilango fi já wọlé, òógùn bò ó, táyà ló bẹ́ lọ́nà. Ó ti ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó bi í.

“Ṣé o ti jẹun?” ni Poongodi wí.

Ilango ranjú. “Ìwọ nìyí? Mo ti to àwíjàre bọ̀ láti Madurai.”

“Tọ́jú ẹ̀. Ìwájú ni kó o jókòó.”

Ó sì sáré lọ múra, ṣaworo ń ké lẹ́sẹ̀ rẹ̀.