Àlejò Ẹ̀yìnkùlé

Láti ìgbà tí a ti sin ọmọ mi Olúbùnmi ni orin ti gbẹ lẹ́nu mi. Èmi Àṣàbí, tí gbogbo Òkèrèwè mọ̀ mọ́ orin! Mo ń jẹun, n kò mọ adùn rẹ̀. N kò sunkún náà. Ara mi kàn dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú.

Ejò tó fi sílẹ̀ ni mò ń tọ́jú, mọ̀nàmọ́ná kan tó ń ká jọ bí òṣùká nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀. Ohun tí ọwọ́ Olúbùnmi ń kàn lójoojúmọ́ nìyẹn.

Títílọpẹ́, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ ìtọ́jú ẹranko ní yunifásítì, wá gbé òmíràn dé. Ẹni tó ni ín ti lọ òkè òkun. Irú tiwa kọ́. Ó nípọn bí ọmọ odó.

"Mọ́mì àgbà, ẹ gbọ́ o. Àìsàn lè wà lára eléyìí kó má hàn. Tó bá ran tiwa, kò ní lè gbé orí mọ́, á kú ni. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni kó wà, pẹ̀lú abọ́ omi tirẹ̀. Tiwa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, kẹ́ ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àlejò. Kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ pẹ́."

"Báwo ni kó ṣe pẹ́ tó?"

"Ẹ kọ orin kan tán."

"Orin wo?"

Ó wo ojú mi, ó gbé ọṣẹ lé mi lọ́wọ́. Mo wá ń fọwọ́ láìkọrin, títí awọ á fi hunjọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Awóníyì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi olóògbé, wá kí wa. Mo lọ bu omi fún un. Kí n tó padà, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó fi àlejò kọ́ ọrùn bí ìborùn.

"Àṣàbí! Àlejò wọ ilé wa, o ní kó sùn lẹ́yìnkùlé? Aráyé á ní a ò lẹ́kọ̀ọ́!"

"Ọkọ mi, ejò ni o."

"Ejò kì í ṣe àlejò ni? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rèé. Wọn á jọ sùn."

Ó na ọwọ́ sí ìdérí àpótí.

Ìyàwó ilé kì í jágbe mọ́ ọkọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo la ẹnu. Orin ló jáde:

*Omi ò, má yára tán,*
*Ọwọ́ wa kò tíì mọ́.*
*Ọṣẹ ò, má sáré yọ́,*
*Èékánná ṣì kù lẹ́yìn.*
*Àkànní ọkọ mi ò,*
*Ẹ bá mi ká lọ.*

Ọkùnrin wo ni ìyàwó ilé ń fi oríkì rẹ̀ kì, tí yóò kọ̀ ọ́? Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tẹ̀ lé mi. A dá àlejò padà sí yàrá rẹ̀, a ti ilẹ̀kùn. Mo fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, mo bọ́ bùbá ọrùn rẹ̀, mo rì í sómi ọṣẹ.

"Nítorí ejò, ìyàwó bọ́ mi láṣọ!"

"Ẹ ò tíì rí nǹkan. Ẹ mú ọwọ́ òsì wá."

Ara mi ṣì kú. Àlejò ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń fọwọ́, orin náà á dé, Títílọpẹ́ á sì máa gbè é láti pálọ̀. Láàárọ̀ yìí, mọ̀nàmọ́ná Olúbùnmi gbé orí sókè gangan, ó yọ ahọ́n sí mi.