Ìlà Tí Ameerat Yà

Kò sí òbí kan ní Tudun Wada ní Sókótó tí ó gbà kí Kúbúrá kó ọmọ òun lọ sí etí odò. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó fẹ́ kó àwọn ọmọ jáde lọ wo ẹyẹ àti ẹranko, orí ni wọ́n ń mì. Ọ̀nà kò dára mọ́, wọ́n ń jí èèyàn gbé, ta ni kò mọ̀? Àwọn tí ojú ń tì láti sọ bẹ́ẹ̀ ní ikọ́ ń ṣe ọmọ àwọn. Kúbúrá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Olùkọ́ ni, ìsinmi gígùn sì ti dé. Ohun tí ó ń wá kò ju kí àwọn ọmọ má fi gbogbo oṣù kẹjọ tẹjú mọ́ fóònù bàbá wọn lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé àgbàlá ilé tí ó ń gbé ni wọ́n ń lò. Ìwé ìtàn ẹranko mẹ́rìnlá ni ó rí ṣà jọ, èyí tí ó nípọn jù nínú wọn kò sì ní ẹ̀yìn mọ́. Ọmọ mọ́kànlá ń wá láràárọ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi dongoyaro ńlá tí ó wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n á kàwé, lẹ́yìn náà wọ́n á fi amọ̀ mọ ràkúnmí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í pé mẹ́rin títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ohun tí wọn ì bá lọ wò létí odò ti wá bá wọn lórí igi yẹn. Ẹyẹ shamuwa méjì, dúdú, aláyà funfun, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, irú èyí tí àwọn ará Sókótó gbà pé ó ń mú òjò wá, ni wọ́n kọ́ ìtẹ́ sí ibẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyin mẹ́ta ni wọ́n yé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì pa. Àwọn ọmọ ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan: iye tata tí ìyá gbé wálé, èyí tí ó kọ́kọ́ na apá nínú àwọn ọmọ ẹyẹ. Bí Kúbúrá ṣe ṣírò rẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fò. Àwọn ọmọ ti fẹnu kò pé ọjọ́ yẹn ni ìwé àwọn máa parí.

Ohun kan ni Kúbúrá máa ń tẹnu mọ́ fún wọn: bí ẹ bá ń ya nǹkan, ẹ ya gbogbo ohun tí ojú yín rí, ẹ má fo ọ̀kan. Ameerat, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà, gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ewé bá ní ihò, Ameerat á ya ihò náà.

Sókótó ni wọ́n bí Kúbúrá sí, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ tọ́ ọ bí ọmọ Ìlọrin. Ẹni tí wọ́n tọ́ báyẹn kò lè kó ọmọ ọlọ́mọ jọ sí àgbàlá onílé fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó má pe onílé wá wò ó. Ojú rẹ̀ kò ní gbà á. Alhaji Garba tó ni ilé náà ń gbé ní àdúgbò Arkilla, kì í sì í wá àyàfi tí nǹkan bá bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí Kúbúrá pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù, inú rẹ̀ sì ń dùn bó ṣe ń pè é.

Alhaji wá ní ọjọ́ Ajé, ó gbé páálí bisikíìtì kan dání. Ó rẹ́rìn-ín sí àwọn ràkúnmí. Ó ní kí ọmọ méjì kàwé fún òun, ó sì patẹ́wọ́ fún wọn. Ìgbà tí ó dé ibi àwòrán igi náà mẹ́rin tí Ameerat yà, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó dúró. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Kí ni ìlà yìí?" Èdè Hausa ló fi bi í.

Ameerat kúnlẹ̀ dá a lóhùn. "Ibi tí ògiri ti là ni, Alhaji. Láti ìdí igi ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ò wọ ibẹ̀. Ó ti ń wọ ibẹ̀ báyìí."

Alhaji wo àwòrán kìíní dé ẹ̀kẹrin, ìlà náà sì ń gùn sí i nínú wọn. Ó lọ sí ẹ̀yìn igi, ó sún ẹní kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ wọlé dé ọrùn ọwọ́. Ojoojúmọ́ ni Kúbúrá ń rí ibi tí ògiri là yìí, ó kàn rò pé ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀ ni.

"Subhanallahi," ni Alhaji wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Malama, gbòǹgbò igi yìí ló ń ti ògiri, a ò sì lè wó ògiri kí igi má wó tẹ̀ lé e. Lọ́la ni igi yìí máa kúrò."

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ ẹyẹ yẹn ò tíì lè fò. Èmi á kó àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ ẹ̀."

"Èmi náà ò fẹ́ fọwọ́ kan shamuwa. Bàbá mi ò jẹ́ ká sọ òkò sí wọn rí. Ṣùgbọ́n ta ló jókòó sí òdìkejì ògiri yìí?"

Kúbúrá mọ̀ ọ́n. Kulu ni, òun àti ọmọ tó ń pọ̀n sẹ́yìn, ibẹ̀ ló ti ń dín àkàrà láràárọ̀. Àwọn ọmọ iléekéwú náà máa ń fara ti ògiri yẹn jẹun.

"Bí a bá ní kí Kulu kúrò níbẹ̀ ńkọ́?" ni Kúbúrá bi í.

"Títì nìyẹn, Malama. Èèyàn mélòó lo máa lé kúrò ní títì? Òjò á rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bó bá wó lu ẹnì kan, ṣé ìwọ lo máa bá mi dáhùn?"

Bí ọkùnrin yìí bá jẹ́ ìkà ni, Kúbúrá ì bá bú u sínú, ọkàn rẹ̀ ì bá sì fúyẹ́ díẹ̀. Ọkùnrin náà kò ṣe ìkà. Òótọ́ ló sọ, kò sì sí ibi tí Kúbúrá lè gbà yí i.

Àwọn agégi dé lọ́jọ́ kejì. Kúbúrá bẹ̀ wọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì gun igi lọ láti gbé ìtẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àmọ́ ẹ̀ka tó fẹsẹ̀ tẹ̀ dá. Òun di igi mú, ìtẹ́ náà sì já bọ́. Méjì nínú àwọn ọmọ ẹyẹ kú síbi tí wọ́n bọ́ sí. Ẹ̀kẹta wà láàyè, wọ́n sì gbé e sínú abọ́ ìfọṣọ. Ọmọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá tú jáde lọ mú tata wá. Kúbúrá ń fi wọ́n sí i lẹ́nu, ẹyẹ náà ń pọ̀ wọ́n jáde. Ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ dúró lórí páànù ilé, wọ́n ń wo àyè tí igi wà tẹ́lẹ̀, wọn kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, abọ́ náà ti ṣófo, páànù náà ti ṣófo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ameerat nìkan ló wá. Ó mú rọ́bà tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ dání. Ó já àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó jókòó sí ibi tí wọ́n ti máa ń tẹ́ ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìlà yẹn rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí," ó wí, kò gbójú sókè, "ká ní mi ò yà á ńkọ́?"

Kúbúrá fẹ́ sọ pé kò sí ohun tí ì bá yàtọ̀, irọ́ sì ni. Ó fẹ́ sọ pé Ameerat ṣe dáadáa, àmọ́ ó rántí abọ́ ìfọṣọ. Lẹ́yìn òkìtì búlọ́ọ̀kù ògiri tí wọ́n ti wó palẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn Kulu tó ń rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún.

Ameerat ti tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ jù nígbà tí ó ń yà á, ìlà náà kò fẹ́ lọ. Bébà náà ti ń fẹ́ ya. Kúbúrá jókòó tì í lórí ilẹ̀, ó sì bá a di etí bébà náà mú.