Ilé Àyẹ̀wò Tí Kò Lọ́mọdé

Ẹnu mi mú, n kò ní purọ́. Bàbá Wáyà ni wọ́n ń pè mí ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí èmi ni mo so kọ̀ǹpútà wa pọ̀ mọ́ ti ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ márùn-ún mìíràn. Ìwé aláìsàn kankan kì í kúrò nílé tirẹ̀. Ìbéèrè ló ń rìn: tí a bá bi í níbí, kọ̀ǹpútà kálukú a wá inú ìwé tirẹ̀, ìdáhùn nìkan ni yóò padà sọ́dọ̀ wa.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin pé ọdún mẹ́ta, kò lè gun àtẹ̀gùn. Láàárọ̀, á rìn díẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gan. Dókítà rí àmì kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá òun ló fa àìsàn náà, àfi tí a bá rí ọmọ mìíràn tó ní irú rẹ̀.

Mo ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo ọmọ tí kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ, tó ní àmì náà. Kò sí. Mo tún un wá lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí. Àbúrò mi ò sunkún. Ó ní kí n má da ara mi láàmú. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé ilé àyẹ̀wò kan, ti àwọn ọmọdé gan-an, kò dáhùn rí pé òun ní ọmọdé kankan. Láti ọdún méjì! Inú bí mi. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo ti ká ṣòkòtò ìjà. Ìyá tó ń tọ́jú ìwé wọn jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ó ní, “ṣé ọdún lẹ fi ń ka ọjọ́ orí wọn ni? Oṣù làwa ń kà.”

Ọmọ oṣù méjìdínlógójì ti di àgbà ọlọ́dún méjìdínlógójì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà mi. Èmi ni mo sì so wọ́n pọ̀, tí n kò béèrè. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ. Mo bẹ ìyá náà bí ẹni ń bẹ àna.

Mo tún un ṣe, mo tún béèrè. Ọmọ méjì jáde, àmì kan náà, ẹsẹ̀ gígan nírọ̀lẹ́ kan náà, oògùn àràárọ̀ kan sì ti mú kí àwọn méjèèjì máa sáré kiri. Dókítà wa bá tiwọn sọ̀rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn náà fún ọmọ wa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lóṣù yìí, ẹnìkan ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Ọmọ náà ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìyá rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀.

“Bàbá Wáyà, mo ti dé.”

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn. Inú mi dùn débi pé n kò rí ẹnu fi bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí àbúrò mi gòkè, ó bi mí pé kí ni mò ń kọ sára ògiri ìjọba. Mo ní ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ ni: oṣù mọ́kànlélógójì.