Ohun tí Olútóyìn Sọ nípa Ewé Àbámọdá

Ó ti máa ń rẹ Olútóyìn kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kẹ́mísírì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìgàndó. Tó bá di Sátidé, ó di yunifásítì, níbi tó ti ń ṣèwádìí lórí ewé àbámọdá. Ọdún kẹta rèé. Yóò já ewé náà lẹ́yìnkùlé wọn ní Egan, yóò tẹ́ ẹ sí ibòji. Ewé tó kún fómi ni, kì í tètè gbẹ. Tó bá gbẹ tán, yóò lọ̀ ọ́, yóò rẹ ẹ́ sínú sípírítì, yóò sì sẹ́ omi rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta, ó rí ohun tó ń wá. Ó kán omi ewé náà sínú kẹ́míkà aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń dán agbára ewé wò, àwọ̀ náà ṣí, ó di àwọ̀ ìyeyè. Ní yàrá ìwádìí, wọ́n fún àwọn eku tí ẹsẹ̀ wọn wú ní díẹ̀ mu, wíwú náà sì lọ sílẹ̀. Kò lè pa ayọ̀ náà mọ́ra. Bó ṣe wọlé ló sọ fún ìyá rẹ̀, Màmá Àtọ́kẹ́, tíṣà tó fẹ̀yìn tì ní Èkìtì, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mọ́mì, ewé yìí ń ṣiṣẹ́ o. Ó ń pa iná tó ń jó nínú ara."

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún tó ti ń dùn wọ́n láti ọdún mẹ́rin. Olútóyìn jẹun, ó sùn.

Kò mọ̀ pé láti ọjọ́ kejì ni màmá ti ń gún ewé náà, tí wọ́n ń mu omi rẹ̀ ní kọ́ọ̀bù kan láràárọ̀. Wọ́n pa oògùn orúnkún tì, wọ́n sì pa ti ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ tì pẹ̀lú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Karùn-ún, Fàdìlàt tí wọ́n jọ ń gbélé pè é níléèwé pé màmá ti ṣubú ní bálùwẹ̀, ọwọ́ òsì wọn ò gbé nǹkan mọ́. Lọ́sibítù, dókítà yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó mi orí.

"Màmá, ìgbà wo lẹ lo oògùn yín gbẹ̀yìn?"

Ọmọ wọn ni màmá kọjú sí. "Ṣebí ìwọ lo sọ pé ewé náà ń ṣiṣẹ́."

Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn, ìyẹn gan-an ló sì dun Olútóyìn jù. Ó fẹ́ ṣàlàyé pé inú ìgò ló ti ṣiṣẹ́, pé eku kì í ṣe èèyàn, pé òun ò tilẹ̀ yẹ ti ẹ̀jẹ̀ ríru wò rárá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó yẹ kó sọ ìyẹn ti kọjá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbórí lé ògiri.

"Mi ò sọ ọ́ tán lọ́jọ́ yẹn, Mọ́mì. Ẹ forí jì mí."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ọwọ́ náà ti ń gbé díẹ̀díẹ̀, àmọ́ màmá ò lè dá ró ìró mọ́. Olútóyìn ló ń ró o fún wọn láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ní òun máa pa ìwádìí náà tì.

"Nítorí kí ni?" ni màmá wí. "Èèyàn mélòó ló ń mu ún ládùúgbò yìí láì bi ẹnikẹ́ni? Parí ẹ̀ jàre. Kó o kọ ohun tí kò lè ṣe náà síbẹ̀."

Nígbà tó di Sátidé, Olútóyìn gbé báàgì rẹ̀, ó wọkọ̀. Oorun gbé e lọ lórí ìjókòó, ó sì kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀. Ó sọ̀ níwájú, ó sọdá títì, ó dúró de ọkọ̀ tó máa gbé e padà sí yunifásítì.