Ọ́fíìsì Ẹ̀kọ́ Tó Pẹ́

Ẹ mú orí dúró, Bàbá Fátókùn. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ẹ dé ẹnu ilẹ̀kùn mi láago mẹ́fà kọjá díẹ̀, ẹ kànkùn títí, mi ò ṣí i, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ yín ní Ìlọrin. Ẹ jẹ́ kí n gẹ irun náà ná, kí n sì rọ́ àlá tó fà á fún yín. Kílípà ti wà lọ́rùn yín, ẹ ò kúkú lè sá.

Àlá tí mo lá mọ́jú òní, inú ṣọ́ọ̀bù yìí ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró, mo ń nu dígí, ni àga tí ẹ jókòó lé yìí bá wúkọ́. Ó ní, "Lájídé, wá jókòó, wọ́n ń dúró dè ọ́ lókè."

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ fẹ́ gbé mi ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín, màá gé yín létí. Ọwọ́ ọ̀gá mi ni mo ti jogún àga yìí, ó sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ṣé kí n wá máa pè é ní "ìwọ" ni?

Bí mo ṣe jókòó báyìí, àga dìde nílẹ̀, ó gba ojú fèrèsé jáde, kò fọ́ gíláàsì kankan. À ń fò lórí òrùlé, mo ń kí àwọn aládùúgbò, wọ́n sì ń dá mi lóhùn bí ìgbà tí a bá pàdé lójú títì. A fò títí a fi dé ọ́fíìsì kan tó léfòó sójú ọ̀run, lókè Ìkìrun níbí. Okùn tí à ń sá aṣọ sí ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò kan nísàlẹ̀, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: Ọ́fíìsì Ẹ̀kọ́ Tó Pẹ́. Ẹ Tò.

Mo tò. Ìyá arúgbó kan wà níwájú mi. Akọ̀wé tó jókòó nídìí tábìlì gbé igbá kékeré kan fún un, ó ní kó ṣí i. Igbá náà fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àlejò tó ní òun ti jẹun wá láti ilé, ebi ń pa á."

Ìyá náà káwọ́ lérí. "Yéè, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń sọ fún mi pé òun ti yó, témi náà á sì gbé abọ́ padà sí kíṣìnnì."

Wọ́n pe ọkùnrin kan, òun náà gba tiẹ̀: "Oorun ọ̀sán kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ." Kò dúpẹ́ tán tó fi nà gbalaja sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì sùn lọ. Ṣe la bẹ̀rẹ̀ sí í ré e kọjá.

Ó wá kàn mí. Akọ̀wé náà de táì, ó fi awò sójú. Ó ṣí fáìlì mi, ó mi orí. "Tìẹ tóbi. Àmọ́ Lájídé pọ̀ nílé ayé. Ki oríkì rẹ tán porogodo, ká lè mọ̀ pé ìwọ ni."

Mo tún ọ̀fun ṣe. "Àdìgún, ọmọ ajígbálẹ̀ de àlejò, ọmọ olóko àgbàdo tí í jẹ́ kẹ́yẹ yó kó tó jẹun..."

Ó ní, "Máa bá a lọ."

Mo ní ó tán. Ó ní kò tán.

Ẹ ṣáà mọ ìyá mi tó wà ní Ìrágbìjí. Láràárọ̀, kó tó bu omi bọ́jú, á pè mí lórí fóònù, á máa kì mí. Ìlà méjì yẹn nìkan ni mo máa ń gbọ́. Bó bá ti dé ibi tẹ́yẹ ti yó, màá ní, "Ẹ ṣé, Màámi, oníbàárà ti wà lórí àga," màá sì pa fóònù. Láago mẹ́fà àárọ̀ o. Ta ló ń gẹrun láago mẹ́fà? Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà ní yàrá ẹ̀yìn yìí. Mo kàn rò pé oríkì ò lè sá lọ, pé bó bá pẹ́ bó bá yá, màá gbọ́ ìyókù.

Mo wá sọ fún akọ̀wé pé, "Ọ̀gá, mi ò mọ ìyókù."

Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni irùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í hù lágbọ̀n rẹ̀. Ìwo yọ, etí wálẹ̀, ó di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó fa fáìlì mi ya, ó ń jẹ ẹ́. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ṣáà ni. Irùngbọ̀n yẹn ló ń dùn mí, ó rí wúruwùru. Mo ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín gé e." Ó na ọrùn sí mi. Bí mo ṣe ń gé e ni kílípà ń kùn pé irú òórùn wo lèyí, àmọ́ ojú òbúkọ ti rọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ dára. Tẹ̀ lé mi."

Ìkòkò ló kún yàrá tó mú mi lọ, láti ilẹ̀ dé àjà. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí o pa fóònù mọ́ lẹ́nu rèé. Ṣí ọ̀kan."

Mo ṣí i. Ohùn ìyá mi ni. Ó ń kì mí lọ, ohùn ọ̀hún jìnnà, mi ò rí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ mú. Kò mọ̀ pé mo ti lọ. Ó kì mí títí dé òpin. "Àdìgún? Ṣé ò ń gbọ́ mi?" Ó tún pè mí lẹ́ẹ̀mejì. "Ó ti lọ. Kò burú. Kí Olúwa bá mi ṣọ́ ọ."

Mo ṣí òmíràn. Bákan náà ló parí. Mo ṣí bíi mẹ́wàá. Kò burú, kò burú. Bàbá, mo jókòó sílẹ̀ láàárín ìkòkò, mo sunkún bí ọmọdé.

Òbúkọ wò mí. "Ọdún wo ni ìyá rẹ kú?"

Mo ní, "Kò kú. Ó wà ní Ìrágbìjí."

Ó tu fáìlì tó kù lẹ́nu ẹ̀ sílẹ̀. "Ó wà láyé, o wá ń tò síbí? Àwọn tó ti pẹ́ jù fún la ṣí ọ́fíìsì yìí sílẹ̀ fún. Ò ń gba àyè ẹlòmíràn."

Inú bí i gan-an. Ó fi ìwo tì mí dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn akọ̀wé yòókù náà ti di ewúrẹ́, wọ́n na ọrùn síta, wọ́n ń jẹ okùn tí wọ́n fi so ọ́fíìsì. Mo já bọ́ láti òkè, mo ń sọ pé, "Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni." Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lé mi jáde rí, àfi lónìí.

Fóònù ló jí mi. Aago mẹ́fà géérégé. "Àdìgún, ọmọ ajígbálẹ̀ de àlejò, ọmọ olóko àgbàdo tí í jẹ́ kẹ́yẹ yó kó tó jẹun..." Ó sì dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró. Ó ní, "Ó dáa, lọ dá oníbàárà lóhùn." Nínú àlá, kò mọ̀ pé mo máa ń lọ. Lójú ayé, ó ti mọ ibi tí mo ti máa ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo ní, "Màámi, kò sí oníbàárà kankan. Kò sí nígbà kankan rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kì mí lọ."

Ó wá rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Ta ló ń gẹrun láago mẹ́fà?" Ó tún ní, "Dúró ná, ewúrẹ́ yìí ti ń jẹ okùn tí mo sá aṣọ sí." Mo gbọ́ bó ṣe ń lé e káàkiri àgbàlá.

Ó padà dé, ó ní òun ti gbàgbé ibi tí òun dúró sí, ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí Àdìgún. Ó kọjá ibi tẹ́yẹ ti yó. Ó dé ibi tí mi ò gbọ́ rí: "Àdìgún tí mo pọ̀n sọdá odò méjì, tí ara rẹ̀ ń jó bí iná, tí mo ń kì lójú ọ̀nà kó má baà sùn lọ. Àdìgún ò sùn lọ."

Ìdí tó fi ń pè mí láràárọ̀ nìyẹn, Bàbá. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, obìnrin yìí ṣì ń jí mi. Mo dúpẹ́ pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe nínú ìkòkò.

Ibẹ̀ ló dé tí ẹ fi dé. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń kànkùn dáadáa. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi oníbàárà purọ́ fún un. Òní nìkan ni oníbàárà wà lóòótọ́, mi ò sì sọ fún un. Ẹ foríjì mí. Ẹ wo dígí, ṣé ẹ̀yìn yẹn tẹ́ yín lọ́rùn?